Èérún Mẹ́sàn-án

"Ìyá mi, ẹ gbé e kúrò níwájú mi. Wọ́n ti wọ̀n mí."

Mo ṣì na abọ́ náà sí i. Èkuru gbígbóná ni, pẹ̀lú ata díndín lẹ́gbẹ̀ẹ́, bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré. Abọ́sẹ̀dé yí ojú kúrò. Wọ́n ti so páànù pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀: kílò mẹ́tàdínlọ́gọ́ta àti ààbọ̀. Bí òṣùwọ̀n bá ti sọ tirẹ̀ tán, arìnrìn-àjò kò gbọdọ̀ jẹ mọ́, kò gbọdọ̀ mu, kò sì gbọdọ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe yẹtí. Ọkọ̀ Tààrà, tó ń gòkè lọ sójú ọ̀run, kò gba àlékún. Lọ́dún tó kọjá, ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ni wọ́n ti fá orí ọkùnrin kan kodoro, nítorí pé ìyàwó rẹ̀ fi òróró pa irun rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n.

"Díẹ̀ péré," ni mo wí. "Ta ni yóò mọ̀?"

"Ọkọ̀ á mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín bàbá rẹ̀ gan-an, tó máa ń ti ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan bẹ̀rẹ̀. "Ẹ bá wa tọ́jú ẹ̀. Èmi àti bàbá mi la jọ máa jẹ ẹ́ tí a bá dé."

Mo gbé abọ́ náà sílẹ̀, mo dé e.

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Òkè Ìsádi nìyẹn. A kì í sọ pé ẹnì kan lọ, àfi ká sọ pé ó ti ń bọ̀. Gbogbo ilé ló ní ilẹ̀kùn méjì. Iwájú ni arìnrìn-àjò ń gbà jáde, ẹ̀yìn ni yóò gbà wọlé, nítorí náà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í ní kọ́kọ́rọ́. Tiwa ti wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá, láti ọjọ́ tí Ògúnṣínà ọkọ mi ti wọ ọkọ̀. Títí di òní, ewúrẹ́ aládùúgbò nìkan ló ti gba ibẹ̀ wọlé rí, gaàrí mi ló sì ń wá. Síbẹ̀ n kò gbọdọ̀ sunkún. Ẹni tó bá sunkún nítorí arìnrìn-àjò, wọ́n á ní ó fẹ́ kó ṣìnà. N kò gbọdọ̀ wọ dúdú, n kò gbọdọ̀ fẹ́ ọkọ mìíràn, n kò sì gbọdọ̀ pe ara mi ní opó. "Ẹ kú ìfojúsọ́nà" ni wọ́n ń kí mi láràárọ̀. Màá ní, "A dúpẹ́."

"Abọ́sẹ̀dé," mo ní, "jókòó. Mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wá pè ọ́."

"Nípa kí ni?"

"Nípa èérún."

Ojú rẹ̀ tàn. Èmi ni Olùkà ìlú, orí itan mi ló sì ti kọ́ ìtàn igbá àti àtẹ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́. Gbogbo ọmọ Òkè ló mọ̀ ọ́n. Bí o bá fa ìlà mẹ́ta sórí àtẹ, tí wọ́n pàdé ní igun mẹ́ta, tí o wá ro igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, dígírì ọgọ́sàn-án ni yóò jẹ́, kò ní lé, kò ní dín. Ṣùgbọ́n bí o bá fa ìlà yẹn kan náà sẹ́yìn igbá, ikùn igbá yóò ti àwọn igun náà síta, àpapọ̀ wọn yóò sì lé. Èèrà méjì tó bá jọ gbéra lórí àtẹ, tí wọ́n kọjú síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sí ọjọ́ tí wọn yóò pàdé. Lẹ́yìn igbá, wọ́n á pàdé lódìkejì. Èèrà kan ṣoṣo tó bá sì ń lọ tààrà lẹ́yìn igbá, tí kò yà sọ́tùn-ún, tí kò yà sósì, yóò padà dé ibi tó ti gbéra. Ẹ̀yìn ni yóò gbà dé.

Bí ọ̀run bá jẹ́ igbá, Ọkọ̀ Tààrà yóò padà. Bí ó bá jẹ́ àtẹ, yóò máa lọ ni.

Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi rán àtùpà méjì jáde sí ìhà méjì ọ̀run kí omi tó gba ilẹ̀ tán. Àtùpà kọ̀ọ̀kan ń ka igun tirẹ̀, ó ń fi í ránṣẹ́ sí wa. Àwa lórí òkè ń ka ẹ̀kẹta. Lọ́dọọdún, ní Ọjọ́ Kíkà, a ó ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Èyí tó máa ń lé lórí ọgọ́sàn-án kéré débi pé èérún la sọ ọ́. Èérún mẹ́ta lọ́dún kan, mẹ́rin lọ́dún mìíràn. Orí èérún yìí ni ìlú wa dúró lé. Òkè Ìsádi kò lè bọ́ ju ẹgbàájì ènìyàn lọ, iye tó bá lé ló gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀. Wọ́n á sùn sínú àpótí, ara wọn kò ní gbó, títí ọkọ̀ yóò fi yí ọ̀run po tí yóò sì padà sọ wọ́n kalẹ̀ lọ́jọ́ tí omi bá ti fà.

Ìbò tí wọ́n fi ń yan arìnrìn-àjò kò mú Abọ́sẹ̀dé lọ́dún yìí. Òun ló na ọwọ́ sókè fúnra rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ọdún yìí kọjú sí ìhà kejì, nítorí náà òun ni yóò kọ́kọ́ pàdé bàbá òun lọ́nà. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ.

"Kò sí èérún," ni mo wí fún un.

Ó wò mí.

"Mo kà á. Èmi nìkan. Ọgọ́sàn-án géérégé ni."

Ó dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn iwájú. Nígbà tó padà wá, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn. "Ìyá mi. Ẹ kà á ní kọ̀rọ̀?"

"Ní kọ̀rọ̀."

Ó yẹ kí ẹ̀rù bà á. Wọ́n ní kí omi tó gba ilẹ̀, àwọn baba ńlá wa máa ń dìbò lójú ọ̀sán, lójú gbogbo ayé, àwọn kan á wá gbé àpótí ìbò wọ yàrá lọ kà. Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò dìbò fún ni yóò jáde wá máa juwọ́ sí wọn. Ojú wọn rí nǹkan. Nígbà tí àwọn tó kù nínú wọn gun orí òkè, òfin tí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ sára àpáta, lókè ẹnu ọ̀nà Yàrá Kíkà, ni pé: OHUN TÍ GBOGBO ÌLÚ KÒ JỌ KÀ, IRỌ́ NI. Olùkà kò gbọdọ̀ dá wo abẹ́rẹ́. Gbogbo ẹni tó bá lè rìn gbọ́dọ̀ wọlé, kí wọ́n dúró ti Apá, kí ojú wọn sì rí i. Òfin tó dára ni. Títí di òní, n kò mọ bí mo ṣe lè bú u.

Apá yìí, irin ni, ó gùn tó igi ọ̀pẹ tó ṣubú. Inú àpáta ni wọ́n gbẹ́ yàrá rẹ̀ sí. Orí rẹ̀ ń wo ọ̀run láti ojú ihò kan, ìdí rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ tó ń fi àpapọ̀ igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn wà, níwájú gíláàsì tí wọ́n fàlà sí.

Àárọ̀ ìmọ́tótó ni mo lọ síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde títí agogo mẹ́wàá. Nǹkan kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí ọmọ yìí ti na ọwọ́ sókè. Lọ́dún tí àìsàn kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde, èérún kan péré la rí. Lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ lo irú ọkọ̀ tuntun tí gbogbo ìlú tú jáde, a rí márùn-ún. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí, mo sì mọ̀ pé irin tí ooru bá mú a máa gùn. Mo bá yàrá náà ní tútù bí inú àmù. Abẹ́rẹ́ dúró lórí ọgọ́sàn-án, kò mì. Mo dúró tì í títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Lẹ́yìn náà ni mo gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú jáde nínú garawa tí mo gbé dání, mo sún un mọ́ Apá. Èérún kan. Méjì. Mẹ́ta. Mo gbé e jìnnà, abẹ́rẹ́ sì sọ̀ kalẹ̀ padà títí kò fi ku èérún kankan. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo ṣe é.

Ara wa ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó fún ara wọn mọ́ yàrá kan, tí wọ́n ń mí, tí wọ́n ń làágùn, tí wọ́n tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ nítorí ẹni wọn tó wà lọ́nà, àwọn ni ooru wọn ń fa irin náà gùn. Ọ̀run kò fi nǹkan kan lé. Àwa la fi lé e.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Abọ́sẹ̀dé, títí kan garawa. Ó tẹ orí ba, ó gbọ́ mi tán.

"Bí ọ̀run bá jẹ́ àtẹ," ó ní nígbẹ̀yìn, "ibo ni bàbá mi wà?"

"Ó ń lọ."

"Títí dìgbà wo?"

"Àtẹ ọ̀run ò létí. Kò síbi tó ti máa jábọ́, kò sì síbi tó ti máa yí padà. Ó kàn ń lọ ni."

"Ẹ sọ ọ́ tán. Ẹ sọ pé ó ti kú."

Ọ̀rọ̀ yẹn, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti sọ ọ́ nípa arìnrìn-àjò. Ẹnu mi là, ó sì tún pa dé. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́ lásìkò yẹn, ó ṣeé ṣe kó dúró. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń kọ́ ẹnu mi láti má sọ ọ́, ẹnu náà sì ti gbọ́ ẹ̀kọ́. N kò lè sọ ọ́.

"Ṣẹ́ ẹ rí i," ó ní, ó rọra di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀yin gan-an ò gbà á gbọ́. Ẹ kàn fẹ́ kí n dúró tì yín ni. Gbogbo ìyá ló máa ń rí nǹkan wí tó bá di Ọjọ́ Kíkà. Ìyá Tinúadé ní òun lálàá. Áyọ́ọ̀nù ni tiyín."

Àwọn tó ń kó arìnrìn-àjò jọ kan ilẹ̀kùn. Ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde tọ̀ wọ́n lọ, kò wẹ̀yìn. Wọn kì í wẹ̀yìn.

Ilé Bàbá Ládiméjì ni mo sáré lọ. Òun ló ṣe Olùkà ṣáájú mi, òun ló kọ́ mi níṣẹ́, kí wọ́n tó fi í jẹ Olórí Òkè. Mo bá a lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ agbádá Ọjọ́ Kíkà, ó ń wá ibi tí fìlà rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ fìlà wà lórí itan rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Dìde, Fẹ́hìntọlá. Kí ló dé tójú ẹ rí báyìí?"

Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un. Mo retí kó pariwo, kó pe àwọn ẹ̀ṣọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

"Kí lo fi mú un gbóná?"

"Áyọ́ọ̀nù, Bàbá."

"Ìkòkò omi gbígbóná lèmi lò," ó ní.

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Nígbà tó yé mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ọmọdé.

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

"Ọdún tí ìyàwó mi wọ ọkọ̀. Ó ti di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ń jẹ́ kí wọ́n máa lọ?"

"Kí ni ǹ bá ṣe? Kí n dá wọn dúró, kí n wá fi kí ni bọ́ wọn? Iye ebè tó wà lórí òkè yìí, o mọ̀ ọ́n." Ó gbé fìlà náà dé, ó tún ṣí i. "Ẹni tó bá lọ pẹ̀lú ìrètí, oorun ló sùn. Ebi ni yóò pa ẹni tó bá dúró. O ò tíì rí bí ebi ṣe ń pa ìlú, Fẹ́hìntọlá. Èmi ti rí i. Mo kéré nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo rí i."

"Ọmọ mi ni, Bàbá. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi."

"Gbogbo wọn lọmọ ẹnì kan."

"Màá sọ fún ìlú."

"Sọ ọ́. Mi ò ní dá ọ dúró. Ṣùgbọ́n ohun tó o kà ní kọ̀rọ̀ lo fẹ́ fi já ohun tí gbogbo wọn jọ kà. Ta ló máa gbà ọ́ gbọ́?"

"Bí ẹ̀yin bá jẹ́rìí sí i, wọ́n á gbà."

Ó na ọwọ́ sí mi pé kí n fa òun dìde, mo fà á dìde, a sì jọ rìn lọ sí Yàrá Kíkà. Lójú ọ̀nà, ẹni tó bá kí wa, òun ló ń dáhùn fún àwa méjèèjì.

Àgbàlá ti kún. Àwọn arìnrìn-àjò mẹ́tàlá tò síwájú nínú aṣọ funfun, páànù wọn ń tàn nínú oòrùn. Abọ́sẹ̀dé ni ìkẹta láti òpin. Iṣẹ́ mi ni láti ṣí ilẹ̀kùn kí n sì sọ pé, "Ẹ wá jọ kà á." Mo dúró níwájú ilẹ̀kùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́, mo sì ní, "Ẹ̀yin ará Òkè Ìsádi, ẹ má tíì wọlé."

Wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n rò pé àdúrà ni mo fẹ́ gbà.

Mo sọ ọ́. N kò mọ̀ bóyá mo sọ ọ́ dáadáa. Mo sọ ti àárọ̀ ìmọ́tótó, mo sọ ti garawa, mo sọ ti irin tó ń gùn. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ní, "Mo dá a kà," ariwo sọ, àwọn kan sì fi ọwọ́ lé orí.

"Ẹ jẹ́ kẹ́ni mẹ́ta péré wọlé," ni mo ń bẹ̀ wọ́n. "Ẹni mẹ́ta tẹ́ ẹ bá yàn fúnra yín. Kí gbogbo wa yòókù dúró síta títí yàrá á fi tutù. Ẹ máa rí i."

"Ẹni mẹ́ta kẹ̀!" ọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn náà nìyẹn! Ẹni mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè wọ yàrá!"

"A ò ka nǹkan ní kọ̀rọ̀ mọ́!" Gbogbo wọn gbà á lẹ́nu rẹ̀. "A ò kà á ní kọ̀rọ̀ mọ́!"

Ìyá Tinúadé jáde síwájú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì ló ti wọ ọkọ̀, Tinúadé ní ogún ọdún sẹ́yìn, àbúrò rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Obìnrin pẹ̀lẹ́ ni, òun ló máa ń fún mi ní ewé ẹ̀fọ́ nínú ọgbà rẹ̀. Kò pariwo.

"Ìyá Abọ́sẹ̀dé," ó ní, "láti ọdún wo lo ti ń ka èérún fún wa? Ṣé irọ́ lo ń pa fún wa látọjọ́ yìí ni, àbí òní tó kan ọmọ tìẹ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa á?"

Ìbéèrè tó tọ́ ló bi mí. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ọmọ àwọn ẹlòmíràn ń lọ, kí ló dé tí n kò wá áyọ́ọ̀nù?

Mo wo Abọ́sẹ̀dé. Ojú ń tì í nítorí mi, ó ń wo ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹnu mi wá là.

"Ògúnṣínà ọkọ mi ti kú," ni mo wí. "Kò ní padà wálé. Tinúadé ti kú, àbúrò ẹ̀ ti kú. Gbogbo wọn ti lọ ráúráú, opó ni mí, ìwọ náà, Ìyá Tinúadé, abiyamọ tó sin ọmọ ni ọ́."

Àwọn ènìyàn di etí. Ìyá Tinúadé kò di tirẹ̀. Ó kàn dúró níwájú mi. Ṣùgbọ́n Abọ́sẹ̀dé gbé ojú sókè, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọlé. Àwọ̀ ara rẹ̀ yí padà. Ó kúrò lórí ìlà, èyí tí arìnrìn-àjò kì í ṣe, ó rìn lọ bá Bàbá Ládiméjì.

"Bàbá," ó ní, "ẹ̀yin lẹ kà á kí ìyá mi tó máa kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni?"

Aládùúgbò mi kan sọ lẹ́yìn náà pé ó pẹ́ kó tó dáhùn. Lójú tèmi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ó wo ọmọ mi. Ó wo Ìyá Tinúadé. Ó wo ebè iṣu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, tó mọ iye wọn. Kò wò mí rárá.

"Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìlú wọlé," ó ní. "Kí ojú gbogbo wa rí i."

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, wọn kò fi ipá gbà á. Ìlú kò tíì jáde bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn aláìsàn tí wọn kò jáde fún ọdún mẹ́wàá pàápàá wá, nítorí pé wọ́n gbọ́ pé Olùkà ní òkú ni àwọn tó wà lọ́nà. Wọ́n gbé arọ lé ẹ̀yìn wọlé. Wọ́n pọn ọmọ tuntun wọlé. Wọ́n fún mọ́ ara wọn títí ògiri àpáta fi ń làágùn, àwọn arìnrìn-àjò mẹ́tàlá sì wà níwájú pátápátá, èjìká wọn fara kan irin. Wọ́n tì mí síwájú gíláàsì. Abẹ́rẹ́ ti wà lórí mẹ́ta kí ìdajì wọn tó wọlé.

"Mẹ́rin," ẹnì kan ń sọ lẹ́yìn mi. "Ó ti kọjá mẹ́rin!"

Mo kígbe pé kí wọ́n jáde. Mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ kan irin náà, wọ́n á rí i pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n fi ọwọ́ kàn án, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọwọ́, ó sì tún gòkè sí i. Márùn-ún. Mẹ́fà. Bí mo ṣe ń pariwo tó ni wọ́n ń sún mọ́ ọn tó. Nígbà tó kọjá méje, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ẹni tó ń kọrin a sì máa mí gan-an. Kò dúró títí ó fi dé mẹ́sàn-án.

Kò sí ẹni tó rí mẹ́sàn-án rí. Wọ́n mọ ìtumọ̀ rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo kọ́ wọn: bí èérún bá ṣe pọ̀ tó ni igbá ọ̀run kéré tó, bí igbá bá sì kéré, àbọ̀ yá. Ìyá Tinúadé dì mọ́ mi lọ́rùn. "Wọn ò ní pẹ́ dé," ló ń sọ, "wọn ò ní pẹ́ dé, mo ti dárí jì ẹ́." Ara rẹ̀ gbóná bí ti ẹni tí ibà ń ṣe.

Ó ku kí Olùkà pè é. Bí Olùkà kò bá tíì pe iye, ọkọ̀ kì í gbéra. Bí Olùkà bá kọ̀, wọ́n á yan ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀, yóò sì pè é. Mo mọ èyí. Abọ́sẹ̀dé ti rìn wá síwájú mi. Òógùn bo ojú rẹ̀, omijé sì wà nínú rẹ̀, ayọ̀ ni.

"Ìyá mi," ó ní, "ẹ pè é. Ohùn yín ni mo fẹ́ fi sùn."

Mo wò ó dáadáa. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i gbà. Bí mo bá dákẹ́, yóò ṣì lọ, yóò sì mú ìdákẹ́ mi wọnú àpótí náà lọ, yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè títí oorun yóò fi gbé e. N kò lè fún un ní èkuru. N kò lè fún un ní yẹtí. Nínú gbogbo ohun tí mo ní, irọ́ yìí nìkan ni kò ní ìwọ̀n.

"Ọgọ́sàn-án," mo ní, "àti èérún mẹ́sàn-án."

Ó dì mọ́ mi. Òógùn rẹ̀ mọ́ mi lára. Lẹ́yìn náà wọ́n fà á lọ pẹ̀lú orin, gbogbo ìlú sì sáré tẹ̀lé wọn lọ sí pápá ọkọ̀, wọ́n ń ti ara wọn láti gba ẹnu ọ̀nà jáde. Kò sí ẹni tó rántí fìyà jẹ mí. Ta ló ráyè?

Mo dúró níwájú gíláàsì. Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ojú ihò. Nígbà tí àpáta mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, tí mo sì mọ̀ pé ọkọ̀ ti gbéra, abẹ́rẹ́ wà lórí méje. Ìró rẹ̀ dún lókè, ó jìnnà, ó tán. Mẹ́fà. Mẹ́rin. N kò mọ iye àkókò tí mo fi ń wò ó. Nígbà tó sọ̀ sí ẹyọ kan, tó tún fẹ́ lọ sílẹ̀, n kò lè gbà fún un. Mo ju ìborùn mi sílẹ̀, mo gbá irin náà mọ́ra, mo fi àyà àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, mo sì sunkún sókè, ẹkún ọkọ mi àti ẹkún ọmọ mi, èyí tí òfin ní kí n má sun. Abẹ́rẹ́ dúró lórí èérún kan. Agbára ara mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

N kò gbọ́ ìgbà tí Bàbá Ládiméjì wọlé. Ó wò mí, ó wo abẹ́rẹ́. Kò bẹ̀ mí, kò sì bá mi wí. Ó bọ́ agbádá rẹ̀ kalẹ̀, ó wá gbé ẹ̀yìn ti irin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, awọ ara rẹ̀ tó ti hunjọ lórí irin tútù. Ó pẹ́ díẹ̀. Abẹ́rẹ́ gòkè, ó di méjì.